Ìjàpá àbí 504?

Bí ẹ bá ń wá ọkọ̀ àtijọ́ kiri Sùúrùlérè tàbí Èbúté Mẹ́ta, etí ni ẹ ó kọ́kọ́ fi mọ Ìjàpá Volkswagen. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù, kì í mu omi. Ariwo rẹ̀ ò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ìlú Èkó níbí, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975. Ọdún yẹn náà ni Kàdúná bẹ̀rẹ̀ Peugeot 504. Ìyẹn, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n: iná iwájú rẹ̀ ní igun. Bó bá ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ (ẹ kọ́kọ́ kí bàbá tó ni ín o!). Ní tèmi, Ìjàpá ni mo máa ń sá jáde wò; 504, ojú fèrèsé ti tó.