Kọ́ìnì Platinum Alẹ́ranko Igbó: Ti Kánádà, Ọsirélíà àbí Amẹ́ríkà?

Góòlù ni ojú Ìjẹ̀bú mọ̀, bí ọjọ́ Ojúde Ọba ti ń fi hàn lọ́dọọdún. Ẹni tí kò mọ platinum, irin funfun olówó iyebíye, a sì máa pè é ní fàdákà. Kọ́ìnì proof tí à ń sọ níhìn-ín, òǹtẹ̀ tí wọ́n ti dán bíi dígí ni wọ́n fi lù ú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń kọ mọ̀nà, tí ẹranko orí rẹ̀ sì rí bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún.

Ti Kánádà ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ́ìnì mẹ́rin sínú àpótí kan: ounce kan, ìdajì, ìdámẹ́rin àti ìdámẹ́wàá, tí iye ojú wọn, ìyẹn iye tí wọ́n kọ sára wọn, jẹ́ dọ́là 300, 150, 75 àti 30. Béárì funfun ló wà lórí ti 1990, òwìwí funfun ló sì wà lórí ti 1991. Ìrísí ẹranko náà yàtọ̀ lórí kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan. Àléébù rẹ̀ ni pé owó ńlá ni odindi àpótí, èyí tí wọ́n bá sì yọ lẹ́yọ lẹ́yọ kì í sábà ní ìwé ẹ̀rí mọ́.

Kọ́ìnì Ọsirélíà tó ní kòálà, ẹranko orí igi, bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí wọ́n ṣe èyí tí kì í ṣe proof pẹ̀lú.

Ẹyẹ idì nìkan ni ẹranko tó wà lórí ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Ti 1998 sí 2002, níbi tí idì ti ń fò lórí ilẹ̀ oríṣiríṣi, ló wù mí. Láti 2009 sí 2014, ènìyàn ló gba ẹ̀yìn rẹ̀ jù. Lẹ́yìn 2008, wọn kò lu àwọn kékeré bíi ìdajì àti ìdámẹ́rin mọ́.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ má ṣe jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ kankan, ìbáà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù, fi kọ́ìnì yín ha òkúta, nítorí ibi tó bá ti ha ni iye proof rẹ̀ ti ṣòfò. Ìwọ̀n ni kí ó lò. Kọ́ìnì idì onífàdákà ti ounce kan fẹ̀ tó mìlímítà 40.6, ṣùgbọ́n ti platinum kò ju 32.7 lọ, bẹ́ẹ̀ gíráàmù 31.1 ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n, torí pé platinum wúwo tó ìlọ́po méjì fàdákà.

Ìwúwo nìkan ni alágbẹ̀dẹ yóò san owó fún bí ẹ bá fẹ́ tà á fún un. Nítorí náà, ẹni tó ń ra àkọ́kọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdámẹ́wàá ounce ti Kánádà, kí ó sì wá olùkójọ mìíràn tí yóò tà á fún kí ó tó sanwó.