Ìrìn-àjò ọjọ́ méjì sí ibi tí wọ́n ti pa àwọn èèkàn ìlú: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà?

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí ó máa ń kó ènìyàn lọ wo ibi tí wọ́n ti pa àwọn èèkàn òṣèlú ilẹ̀ Nàìjíríà, láti Oníkan títí dé Ìbàdàn. Èmi àti àbúrò mi san ₦60,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ wọn dára, wọn kò sì pẹ́ kí wọ́n tó gbéra; n kò ní ẹjọ́ rò lórí ìyẹn.

Oníkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ, ibẹ̀ nìkan sì tó ìdajì owó tí mo san. Inú Mùsíọ̀mù tó wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ Mercedes dúdú wà, èyí tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed jókòó sí nígbà tí àwọn ọmọ ogun tó ń dìtẹ̀ yìnbọn pa á ní Ìkòyí ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ọkọ̀ náà. Olórí ìjọba tí kò tíì pé oṣù méje lórí àlééfà ni, síbẹ̀ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wọ́n ti ká a mọ́, láìsí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ológun tó ń là á lọ́nà. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Akíntúndé Akinsehinwa, àti awakọ̀ rẹ̀ sì bá a lọ. Afinimọ̀nà wa sọ èyí tán, ó dákẹ́, ó fi wá sílẹ̀ kí a wo ọkọ̀ náà fúnra wa. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Láti ibẹ̀ lọ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí mẹ́hẹ. Ó ń sọ ikú kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pa àlọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò so wọ́n pọ̀ rárá. Bọ́ǹbù inú àpò ìwé ni wọ́n fi pa oníròyìn Délé Giwa nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 1986. Ìkẹjà kan náà ni wọ́n ti wọlé pa Alfred Rewane, tó ń náwó fún NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà kí ìjọba alágbádá padà dé, ní 1995. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, wọ́n dá ọkọ̀ Kudirat Abíọ́lá lọ́nà, wọ́n sì yìnbọn pa á nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní àhámọ́. Ẹni tó bá tò wọ́n pọ̀ yóò rí i pé ẹni tó rán àwọn agbanipa mọ ìgbà tí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa náà máa ń wà nílé àti ọ̀nà tó máa ń gbà. Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá dé, àsìkò ìbò ló kàn: oṣù tó ṣáájú ìbò 2003 ni wọ́n pa olóṣèlú Marshall Harry ní Àbújá, nígbà tó sì di 2006, wọ́n pa Fúnṣọ́ Williams tó ń dupò gómìnà ní Èkó, kò pé oṣù kan sí i tí wọ́n pa Ayọ̀ Dáramọ́lá tó ń dupò kan náà ní Èkìtì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Williams rí gbà bí a ṣe ń kọjá lẹ́bàá Dolphin Estate tí wọ́n ti pa á.

Ọjọ́ kejì ló bí mi nínú. Bódìjà ni wọ́n gbé wa lọ, níbi tí wọ́n ti pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́, nínú yàrá rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2001. Afinimọ̀nà náà fi ẹ̀rín sọ bí wọ́n ṣe ṣí fìlà lórí bàbá náà láàfin Ọọ̀ni ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ó wá gbàgbé pé àwọn ọlọ́pàá tó yẹ kó ṣọ́ ọ ti lọ jẹun nígbà tí àwọn apànìyàn wọlé. Àbúrò mi béèrè ẹni tí wọ́n fìyà jẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ ká dá sí òṣèlú,” ni ó wí. Kí ni a wá san owó lé lórí nígbà náà? Ìdáhùn ibẹ̀ kò le: kò sí ẹnì kankan, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1976 yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn pa Dimka, ọmọ ogun tó ṣíwájú ìdìtẹ̀ náà, àti àwọn tó bá a lọ́wọ́ sí ikú Murtala.

Àmàlà àti gbẹ̀gìrì tí wọ́n fi ṣe wá lálejò ní Ìbàdàn dùn. Ẹ san owó ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi tọjọ́ kejì sílẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn tó lè dáhùn ìbéèrè. Ìwé pélébé tí wọ́n pín fún wa pàápàá kọ 2002 sí ọdún ikú Ìgè. Mo pè wọ́n lórí rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò tún un tẹ̀. Mo ṣì ń retí rẹ̀.