Àyẹ̀wò gbogbo oògùn lọ́dọ̀ apòògùn VA, fún ajagunfẹ̀yìntì tí PTSD ń bá fínra

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-ìwòsàn VA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ní àwọn apòògùn kan tí iṣẹ́ wọn kò mọ sí kíka oògùn sínú ìgò. Wọ́n ní àṣẹ láti rí aláìsàn ní yàrá ìtọ́jú, láti kọ oògùn fún un, láti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, láti pààrọ̀ rẹ̀ tàbí láti dá a dúró, níwọ̀n bí ilé-ìwòsàn bá ti fún wọn láyè tó. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á tú gbogbo oògùn ènìyàn kalẹ̀, wọ́n á sì wò ó bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò, nítorí ẹni tó ti ogun dé tí PTSD, àìsàn ọpọlọ tí ìṣẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́rù máa ń fà, ń dà láàmú, tí oògùn ọpọlọ tó ń lò sì ti ju ẹyọ kan lọ. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi kan jókòó níbẹ̀. Ohun tí mo rí, àti ìlànà ìtọ́jú PTSD tí VA àti Iléeṣẹ́ Ààbò Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2023, ni mo fi wọn iṣẹ́ náà wò.

Kí a tó lè mọ iyì rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí oògùn ṣe ń di òkìtì. Ajagunfẹ̀yìntì kan lè máa gba sertraline fún àìsàn náà fúnra rẹ̀, prazosin fún àlá burúkú, trazodone fún àìróorunsùn, clonazepam fún ìjáyà, tramadol fún ẹ̀yìn tó ń dùn ún láti ìgbà tó ti ń ru ẹrù ogun, kí ẹlòmíràn sì tún fi quetiapine kún un ní alẹ́. Kò sí èyí tí kò ní ìdí nínú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn dókítà tó kọ wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì wo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Bẹ́ẹ̀, sertraline àti paroxetine nìkan ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí fún PTSD. Ìlànà 2023 fi venlafaxine kún méjèèjì, ó fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó dojú kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an ṣáájú oògùn, ó sì sọ gbangba pé kí a má ṣe fi benzodiazepine, ìdílé tí clonazepam, alprazolam àti diazepam ti wá, tọ́jú àìsàn yìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣe ọwọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí apòògùn náà wá kiri ni oògùn tó ń dín èémí kù. Benzodiazepine ń mú ènìyàn tòògbé, opioid, ìdílé oògùn ìrora tí tramadol ti wá, ń fa èémí sẹ́yìn, tí méjèèjì bá sì pàdé, ìwọ̀n tí ènìyàn ì bá fi jí láìséwu bó bá jẹ́ ọ̀kan ló lò lè dá èémí dúró lójú oorun. Ní oṣù Kẹjọ 2016 ni FDA pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ nínú ìkìlọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi àpótí dúdú yí ká, sára méjèèjì nítorí ọ̀ràn yìí. Ní oṣù Kejìlá 2019, ó tún kìlọ̀ nípa gabapentin àti pregabalin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí oògùn jẹ́jẹ́, fún ẹni tó bá ń lò wọ́n pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tó ń mú ọpọlọ rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún le fún ajagunfẹ̀yìntì, nítorí pé èémí tó ń dá dúró lójú oorun wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní PTSD, ọtí náà kì í sì í jìnnà sí ọ̀pọ̀ wọn. Ní 2014, Jason Simcakoski, ọmọ ogun Marine tẹ́lẹ̀ rí, kú ní ẹni ọdún 35 ní ilé-ìwòsàn VA tó wà ní Tomah, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, àpapọ̀ oògùn ló sì pa á. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2016, ló fún VA ní àṣẹ tuntun lórí bí a ṣe ń kọ opioid.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wú mi lórí jù ni bí apòògùn ṣe ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àìsàn ló ń ṣe ènìyàn tàbí oògùn. Sertraline, trazodone àti tramadol ni gbogbo wọn ń gbé èròjà serotonin sókè nínú ara. Tó bá ti pọ̀ jù, ènìyàn á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, kò sì ní lè sùn. Tó bá le, ibà gbígbóná á dé, ẹ̀mí á sì wọ inú ewu. Ẹ wo bí àwọn àmì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ṣe jọ PTSD. Dókítà tó ń kánjú á rò pé àìsàn ló ń burú sí i, á sì fi oògùn kún oògùn. Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ níbi tí àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ sọ: sertraline tàbí paroxetine lè mú agbára ìbálòpọ̀ rẹlẹ̀, ẹni náà á lọ gba sildenafil, oògùn agbára ọkùnrin, níbòmíràn, sildenafil á sì pàdé prazosin, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì, òun yóò sì ṣubú bó ṣe dìde lóru. Ìbéèrè tí apòògùn náà bi ẹ̀gbọ́n mi lórí èyí kò ní ìtìjú kankan nínú, mo sì gbà pé ìyẹn nìkan tó ìdí láti lọ.

Lórí quetiapine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pẹ́. Wọ́n ń mú ara sanra, wọ́n ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì lè da lílù ọkàn rú tí wọ́n bá bá citalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó pọ̀ pàdé. Ìwádìí tí VA fúnra rẹ̀ ṣe lórí risperidone, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tó jáde ní 2011, fi hàn pé fífi í kún oògùn tí ajagunfẹ̀yìntì ń lò kò sàn ju placebo, oògùn tí kò ní èròjà kankan nínú tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, lọ fún àwọn àmì PTSD. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún oorun.

Apòògùn tó mọṣẹ́ kì í gba oògùn lọ́wọ́ ènìyàn ní ìjà. Ẹni tó bá ti lo clonazepam pẹ́ tó sì dá a dúró lọ́jọ́ kan lè ní gìrì, ẹni tó bá já venlafaxine tàbí paroxetine sílẹ̀ lójijì á máa ní òòyì àti ìbínú. Nítorí náà, oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń dín kù lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba oṣù bíi mélòó kan. Kò rọrùn, oorun lè burú ní àárín ìgbà náà, ó sì yẹ kí wọ́n máa tẹnu mọ́ èyí ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ. Ẹni tí èrò àtipa ara ẹni bá dé bá nígbà náà kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé: kó tẹ 988, kó sì tẹ 1, ìlà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà.

Àlàfo ńlá kan wà nínú iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi apòògùn. Láti ìgbà tí òfin MISSION ti 2018 ti ṣí ọ̀nà sí i fún ìtọ́jú lọ́dọ̀ dókítà tí kì í ṣe ti VA, oògùn ń wá láti ibi méjì. Àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi ń wo ohun tí ènìyàn gbà níta, oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ ni ó wà fún: clonazepam àti tramadol á hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n sertraline, trazodone àti quetiapine kò ní hàn. Oògùn ikọ́ tó ní dextromethorphan, diphenhydramine tí ènìyàn rà fún oorun, àti ewé tí wọ́n ń pè ní St. John's wort, èyí tó ń bá sertraline jà, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn kò bá kó gbogbo ìgò rẹ̀ sínú àpò, tó jẹ́ pé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà VA nìkan ni apòògùn rí, ìdajì iṣẹ́ náà ni yóò ṣe.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo mú ẹyọ kan kúrò nítorí pé ẹni tí kò bá béèrè lè má mọ̀ láé pé iṣẹ́ náà wà, àwọn tí òkìtì oògùn wọn ga jù lọ ló sì ṣòro fún jù láti béèrè. Bí ìyàwó, ọmọ tàbí àbúrò bá wà nílé, ẹ jẹ́ kí ẹni náà bá a lọ, kó sọ ohun tó ń rí lóru, nítorí ẹni tó ń sùn kò lè ròyìn bí òun ṣe ń mí.