Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ní Windows 11: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà àbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó. Ohun táwọn òǹtajà kan ń ṣe báyìí ò dáa rárá. Wọ́n á mú ẹ̀rọ tó ti dàgbà bíi HP EliteBook 840 G1, wọ́n á fọgbọ́n gbé Windows 11 sí i, wọ́n á ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ni, wọ́n á wá bu owó gọbọi lé e.

Windows 11 tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2021 kì í ṣe ti gbogbo ẹ̀rọ o. Ó fẹ́ TPM 2.0, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ ààbò nínú ẹ̀rọ, tí prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) bá sì jẹ́ ti Intel, jẹnẹréṣọ̀n, ìyẹn ìran, kẹjọ lọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìkeje. 840 G1 yẹn, ìkẹrin ni. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7: i5-4300U, ìkẹrin nìyẹn, i5-8250U, ìkẹjọ, i5-10210U, ìkẹwàá. Ẹni tó bá kàn ń pariwo "Core i7 ni, Core i7 ni" láìsọ nọ́ńbà tó kù, ẹ ṣọ́ra fún un.

Wọ́n ta irú ẹ̀ fún àbúrò mi tó fẹ́ fi kọ project ẹ̀, RAM 4GB, hard disk àtijọ́, Word lásán ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí, nígbà tá a wá wo Windows Security tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, wọ́n ti pa á pátá torí kráàkì tí wọ́n fi mú Windows ṣiṣẹ́ láìsanwó, ọmọ yẹn sì ń wọ àkáǹtì báǹkì ẹ̀ lórí ẹ̀! Nígbà tó gbé e padà, wọ́n nawọ́ sí rìsíìtì: ọjà tá a bá ti tà kò ṣeé dá padà. Ó dùn mí gan-an, owó tí màmá wa tù jọ ni.

Àwọn kan tiẹ̀ burú jùyẹn lọ, Windows 10 ni wọ́n á ṣe lójú bíi 11. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ winver, èyí tó jẹ́ gan-an á jáde. Ẹ tún kọ tpm.msc, ẹ ó rí i bóyá TPM 2.0 wà níbẹ̀. Orúkọ prósẹ́sọ̀ tẹ́ ẹ rí nínú System, wọ́n lè yí i padà, torí náà ẹ gbé CPU-Z, ètò tó ń sọ prósẹ́sọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ gan-an, dání nínú flash.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má ra ẹ̀rọ àgbà o. Tówó ò bá tó, ẹ rà á ní iye tó yẹ ẹ̀rọ àgbà, ẹ fi SSD, ìyẹn disk tó yára ju hard disk àtijọ́ lọ, sí i, kẹ́ ẹ gbé Linux Mint Xfce tẹ́ ẹ lè lò dípò Windows sí i, ọ̀fẹ́ ni, update ẹ̀ sì ń wọlé déédéé. Windows 10 náà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àti October 14, 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀, àyàfi fẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ìyẹn àfikún update ààbò. Windows 7 ní tiẹ̀, 2020 ni wọ́n ti pa á tì, ẹ má fi ṣe nǹkan owó rárá.

Òǹtajà tí ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ ẹ̀rọ ẹ̀ wò, ẹ kọjá lọ síwájú, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ níbẹ̀.