Ẹ ṣọ́ra fún SSR 40A tí mo rà ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín to ẹ̀rọ iná ìtàgé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó.

Ẹgbẹ́ eré wa ní Kétu ni mo ń to ẹ̀rọ fún: Arduino kan (kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí rẹ̀), MAX485 (ẹ̀yà kékeré) tí ń gba àṣẹ DMX, ìyẹn àṣẹ tí a fi ń darí iná ìtàgé, wọlé, àti SSR mẹ́jọ, ìyẹn súìṣì tí Arduino ń darí, tí ń tan iná tí ń pa á. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ra SSR náà. 40A, ìyẹn ampere 40, ni wọ́n kọ sí gbogbo wọn lára. Ọkùnrin tó tà á búra pé ojúlówó ni, ó tún ní mo lè fi í mú kí iná rọra pọ̀ kó sì rọra kéré.

Irọ́ ni méjèèjì.

Gílóòbù 1000 W méjì ni mo so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí iná 220 V tiwa, ampere 9 ó lé díẹ̀ nìyẹn. Mo de àwọn SSR náà mọ́ irin tí ń fa ooru. Ní alẹ́ tí a ń dán an wò, ọ̀kan gbóná débi pé ọwọ́ ò ṣeé kàn án, bẹ́ẹ̀ ni iná rẹ̀ kọ̀, kò kú mọ́. Mo ní kó pa, ó ń tàn. Mo yọ Arduino kúrò pátápátá, ó ṣì ń tàn. SSR tó bá bàjẹ́ sábà máa ń lẹ̀ pọ̀ nínú ni, iná á kàn máa kọjá. Ọmọdékùnrin wa kan ti gbé àkàbà láti lọ yọ gílóòbù yẹn, ó rò pé a ti pa á. Ọlọ́run ló ní ká pariwo.

Mo fi ayùn la ọ̀kan. BTA16 ló wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà inú rẹ̀ tí iná ń gbà kọjá, ampere 16 péré. BTA41, ti ampere 40, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Irin ìdí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí bébà.

Ti pé ó lè dín iná kù ńkọ́? Irú SSR yìí, tí ń dúró di ìgbà tí fóltéèjì iná bá kan òdo kó tó jẹ́ kí iná kọjá, kò lè ṣe é. Títàn àti pípa nìkan ni tirẹ̀.

Mo padà lọ bá a, ó ní èmi ni mo jó o. Kò fún mi ní rìsíìtì tẹ́lẹ̀.

Ẹ ní kó la ọ̀kan lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ fi disjoncteur (ohun tí ń já iná) síwájú gbogbo rẹ̀, ẹ pa á kí ẹnikẹ́ni tó gun àkàbà. Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀, kó mú un wá sí Kétu, màá là á fún un lọ́fẹ̀ẹ́.