Google Earth Pro: ẹ kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ rà n'Ìbàdàn lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Google Earth Pro, áàpù tó ń fi àwòrán sátẹ́láìtì hàn yín bí ilẹ̀ ṣe rí láti òkè, sórí láptọ́ọ̀pù yín kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ ni láti 2015, kó tó dìgbà yẹn 399 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ lọ́dún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó, ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún, ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àwòrán aago kékeré kan tó wà lókè. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ aago yẹn, ọ̀pá kan á jáde, ẹ máa fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa rí bí sátẹ́láìtì ṣe ya ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ìgbà tó ṣì jẹ́ igbó, ìgbà tí wọ́n la ọ̀nà síbẹ̀, títí dórí ìgbà tí ilé àkọ́kọ́ kan páànù.

Lọ́dún tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí púlọ́ọ̀tì méjì lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀jẹ́ńtì tó ń tà á ní ilẹ̀ gbígbẹ táútáú ni, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, omi kì í débẹ̀ rárá." Àǹtí fi ìwé sọ́fè ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo wá ibẹ̀ kàn, mo fa ọ̀pá yẹn lọ sí 2009, àyà mi já. Ìlà dúdú kan wọ́ gba àárín ilẹ̀ yẹn kọjá bí ejò, igi ṣù bò ó lọ́tùn-ún lósì, ojú odò ni. Nígbà tí mo fi dé 2017 ibẹ̀ ti funfun báláú, wọ́n ti da yanrìn dí i. 2021, ilé mẹ́fà ti wà lórí ẹ̀. A fẹsẹ̀ ara wa débẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, ìlà ẹrẹ̀ wà lára ògiri ilé kan, ó ga dé orúnkún mi, ìyá tó ń gbébẹ̀ sì sọ fún wa pé ọdọọdún lòun máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì òun sórí búlọ́ọ̀kù tí òjò bá ti le. Àǹtí ò bá wọn dúnàá-dúrà mọ́.

Ìyá yẹn ló ń dùn mí títí di báyìí. Ó mú ìwé àṣẹ ìkọ́lé ẹ̀ jáde, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n lù ú lóǹtẹ̀. Ẹni tó buwọ́ lù ú ì bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún péré wo àwòrán yìí, ọ̀fẹ́ ló kúkú jẹ́! Ìbàdàn yìí náà ni odò Ògùnpa ti gbé èèyàn lọ ní 1980, ibẹ̀ náà ni omíyalé 26 oṣù kẹjọ 2011 ti pa èèyàn tó lé ní 100, àwa náà la tún ń kọ́lé sójú odò.

Tó bá jẹ́ bí ìlú lódindi ṣe ń gbilẹ̀ lẹ fẹ́ rí, ẹ lọ wo Timelapse, àwòrán ọdún dé ọdún tó ń sáré tẹ̀ léra bíi fídíò, lórí Google Earth ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, 1984 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú á máa ràn lójú yín bí epo pupa tó dà sáṣọ, ilé á kọ́kọ́ tẹ̀ lé ojú títì, lẹ́yìn náà igbó tó wà láàárín títì méjì á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ibi tó yẹ kí ìjọba ti ya ọ̀nà, gọ́tà àti ilẹ̀ ilé ìwé sílẹ̀ kí ilé tó débẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi wá púlọ́ọ̀tì yín o, torí àwòrán Landsat, sátẹ́láìtì àwọn ará Amẹ́ríkà, ló pọ̀ níbẹ̀, tóótó kan (pixel, ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) nínú ẹ̀ jẹ́ 30 mítà níbùú lóròó, púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ò tó tóótó kan.

Àléébù ẹ̀ wà. Lápá ọ̀dọ̀ wa, àwòrán tó mọ́ dáadáa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló pọ̀ jù, torí àwọsánmà máa ń bo ilẹ̀ lásìkò òjò, àbàtà á wá dà bí ilẹ̀ líle lójú yín. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń yà sí Copernicus Browser, ìkànnì àwòrán sátẹ́láìtì ti àwọn ará Yúróòpù, ọ̀fẹ́ lòun náà, sátẹ́láìtì Sentinel-1 tó wà níbẹ̀ ń lo rádà, àwọsánmà ò dí i lọ́wọ́, ibi tí omi bá dúró sí á dúdú.

Èkejì, nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ wà lórí ọ̀pọ̀ ìwé sọ́fè wa, Minna datum ni, ìyẹn ìlànà ìwọnlẹ̀ ti Nàìjíríà, Google sì ń lo WGS84, ìlànà tí GPS ń lò kárí ayé, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láì yí i padà ó lè sún ju 100 mítà lọ, ilẹ̀ onílẹ̀ lẹ ó máa wò. Ẹ gbé e fún sọ̀fíyọ̀ kó bá yín yí i, kó sì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General, torí sátẹ́láìtì ò lè sọ fún yín bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn.

Àǹtí ti rí òmíràn lórí òkè. Mo fa ọ̀pá yẹn dé ibi tó lè lọ sẹ́yìn mọ, oko ẹ̀gẹ́ ni látọjọ́ yìí wá, kò sí ìlà dúdú kankan. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ lóṣù tó kọjá.