OYSHIA tàbí HMO aládàáni: èwo ni kí ará Ìbàdàn kọ́kọ́ san?

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni owó yín ká, ti ìjọba, ìyẹn OYSHIA, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni kí ẹ san, kì í ṣe ti HMO, ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ta adójútòfò ìlera. Òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà; àfikún ni ti aládàáni.

Ẹ wo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. OYSHIA kì í tìtorí àìsàn bu owó lé e. Iye tí aládùúgbò rẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ń san lòun náà máa san. Ọ̀pọ̀ HMO á kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí àti àìsàn tó ti wà nílẹ̀, wọn a sì ní kó dúró fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó ra HMO lẹ́yìn tó ti lóyún sábà máa ń fowó ara rẹ̀ bímọ.

Ibi tí HMO ti ta OYSHIA yọ ni ọsibítù. Káàdì kan lè ṣiṣẹ́ ní Bódìjà lónìí, kó ṣiṣẹ́ l'Ékòó lọ́la. Ti OYSHIA, ilé ìwòsàn kan lẹ máa forúkọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ ìwé tó máa gbé yín dé ọsibítù ńlá bí Adéọ̀yọ́ tàbí UCH. Ìwé nìkan kò tó o! Kóòdù àṣẹ, nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ má kúrò níwájú tábìlì láìrí i, torí láìsí kóòdù, ọsibítù kejì kò ní rẹ́ni san owó iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n á sì kọjú sí. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, ìtọ́jú ló ṣáájú, kóòdù á tẹ̀lé e.

Kí ló ń fa "oògùn yẹn ti tán"? Iye kan pàtó ni ètò ìjọba ń san fún ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ lóṣooṣù lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Oògùn olówó gọbọi ń jẹ nínú owó náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ó ti tán. Ẹ fi ẹjọ́ sùn.

Lórí káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òun, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà níbẹ̀. Ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni àwọn tó wà lórí káàdì náà ń san: oògùn ₦6,000, ₦600. Ọmọ karùn-ún àti ìyá àgbà kò sí níbẹ̀. Ẹ ra OYSHIA fún àwọn yẹn kí ẹ tó ra HMO tó máa tún sanwó ohun tí káàdì àkọ́kọ́ ti ń san.

Kí ẹ tó lo káàdì tuntun, ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń gba fáìlì, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ yín wà lórí àkọsílẹ̀ oṣù náà. Bí kò bá sí, wọ́n á dá yín padà, káàdì ìbáà wà lọ́wọ́ yín.